Ta Ló Máa Sanwó Gọ́tà? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ṣèjọba Ìlú Chicago Láyé Àtijọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tí ò ráyè wá sí ìpàdé wa ní Sátidé ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀ kí àwọn náà lè rí i kà, torí náà bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, mi ò tún un tò.

Ẹnu ọ̀nà ilé kan ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò Pilsen níbí ní Chicago, ẹ ó ti rí àwọn ilé àtijọ́ kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé èèyàn máa sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ láti títì kó tó kan ilẹ̀kùn wọn. Títì wà lókè, ilé wà nísàlẹ̀, fèrèsé tó yẹ kó máa wo ojú ọ̀nà, ògiri abẹ́ títì ló ń wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní háà, ilé yìí mà ti rì. Mo dúró mo wò ó títí, mo wo ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun náà rí bẹ́ẹ̀, mo wo ti òdìkejì, bákan náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilé ò rì rárá, títì ni wọ́n gbé gòkè, ìjọba ìlú ló gbé e gòkè ní ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹni tó nílé náà ò sì rówó gbé ilé tiẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Tí wọ́n bá ní ìjọba ìlú, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ìbò, méyọ̀, àwọn kánsẹ́lọ̀ tó ń pariwo mọ́ra wọn. Èmi ò kọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí ìjọba ìlú kedere jù ni inú gọ́tà. Ta ló ní kí wọ́n ṣe é, ta ló sanwó ẹ̀, ibo ni omi inú ẹ̀ ń lọ, àti pé ta ló ń gbé níbi tó ń lọ yẹn. Torí ẹ̀gbin kì í parẹ́ o. Tó bá kúrò níwájú ilé tèmi, iwájú ilé ẹlòmíràn ló gbà lọ, iṣẹ́ kánsù sì ni láti pinnu ilé tó máa jẹ́.

Ní 1837 ni Chicago di ìlú tó ní méyọ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà yẹn ò ju bí 4,000 lọ. William Ogden ni méyọ̀ àkọ́kọ́, òwò ilẹ̀ ló ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn torí ó ń padà bọ̀. Nígbà tó fi máa di 1850 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000, ní 1860 wọ́n ti kọjá 100,000, ní 1890 wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Láàárín ọdún 53 péré, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí ìlú yẹn gba ìwé àṣẹ ò tíì dàgbà kujọ́ nígbà tí èèyàn ibẹ̀ pé mílíọ̀nù.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní, irà ni, ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ péré ló sì fi ga ju omi ọ̀sà Michigan lọ. Tí òjò bá rọ̀, omi ò ríbi ṣàn sí, ilẹ̀ amọ̀ náà ò sì jẹ́ kó wọlẹ̀, á kàn jókòó síbẹ̀ ni títí á fi di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí ẹṣin ò lè rìn. Ṣálángá wà lẹ́yìnkùlé, kànga wà níwájú ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ń rìn kiri títì, ilé ẹran ń da ẹ̀jẹ̀ àti ìfun sódò. Ní 1849 onígbáméjì wọ ìlú, ó pa èèyàn tó lé ní 600 nínú ìlú tí ò tó 30,000. Ó padà wá ní 1852, ní 1853, ti 1854 wá burú jù, ó pa ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Nígbà yẹn kò tíì sí ẹni tó mọ kòkòrò tó ń fa àìsàn yẹn, òórùn burúkú ni ọ̀pọ̀ àwọn dókítà gbà pé ó ń fà á, ṣùgbọ́n yálà òórùn ni o, yálà omi ni o, gbogbo wọn rí i pé ẹ̀gbin yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ní 1855 ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin pé kí Chicago ní ìgbìmọ̀ tó máa bójú tó ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ẹ kíyè sí i pé ìpínlẹ̀ ló ṣòfin, kì í ṣe ìlú. Ìlú kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà ò ní agbára kankan ju èyí tí ìpínlẹ̀ bá kọ fún un lọ, tó bá fẹ́ yáwó, àyàfi kó lọ tọrọ àyè ní Springfield, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fi sígbìmọ̀ náà, Ogden wa àná sì wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n lọ mú ẹnjiníà kan láti Boston, Ellis Chesbrough. Ọkùnrin yìí ò ka ìwé púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́, láti kékeré ló ti ń tẹ̀ lé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún rélùwéè kiri, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an ni, kò sí èyí tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀, torí nínú gbogbo àwọn tí mo máa dárúkọ lónìí òun ló ń kọ òótọ́ sínú ìwé ẹ̀, kódà níbi tí òótọ́ yẹn ò ti gbè é.

Ó kọ ìwé fún wọn, ó ní ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Èkíní, kí gbogbo gọ́tà já sínú odò Chicago, kí odò gbé e lọ sọ́sà. Èkejì, kó já sọ́sà tààrà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbá a jọ sójú kan kí wọ́n máa fà á lọ sóko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n la odò àtọwọ́dá ńlá kan tó máa gbé e lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, sínú odò Illinois, kó má dé ọ̀sà mọ́ rárá. Ó yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ló dínwó jù, òun ni wọ́n sì mú. Ẹ̀kẹrin yẹn, owó ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìlú nígbà náà.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń fa omi mu? Ọ̀sà náà ni.

Màá padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe gọ́tà náà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi tó lè ṣàn nínú ẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ bẹ́ẹ̀, tó o bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ omi lo máa kàn. Chesbrough ní kí wọ́n má wulẹ̀ gbẹ́lẹ̀ jìnnà. Kí wọ́n to gọ́tà bíríkì sáàárín títì lókè, kí wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí wọ́n ṣe títì tuntun sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá ń wà nínú odò kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè rìn, òun náà ni wọ́n ń rọ́ sórí títì. Bí gbogbo títì ìlú ṣe máa gòkè nìyẹn, ibì kan ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ibòmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ó dáa. Títì ti gòkè, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sílé? Ibi tí owó ti dé nìyẹn.

Gọ́tà fúnra ẹ̀, ìlú ló yáwó ṣe é. Wọ́n ta bọ́ǹdù fáwọn olówó, gbogbo ìlú wá ń fi owó orí san án padà. Ṣùgbọ́n ojú títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé, ọ̀tọ̀ lowó tìyẹn. Bí Chicago ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, àwọn tó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan ni wọ́n máa bu owó iṣẹ́ títì náà lé, olúkúlùkù ní ìwọ̀n àǹfààní tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ẹ̀ máa rí níbẹ̀. Àwọn onílẹ̀ yìí náà ló sì máa ń kọ ìwé sí kánsù pé ẹ wá ṣe títì wa. Kánsù á gbé e yẹ̀ wò, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á yan àwọn tó máa lọ ṣírò iye tó kan oníkálukú. Tí ẹ bá wo ohun tí kánsù Chicago ń fi àsìkò ṣe láàárín ọ̀rúndún yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ nìyí o, ìwé ẹ̀bẹ̀ títì yìí, owó pákó ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tọ̀hún, lágbájá ní iye tí wọ́n bù lé òun ti pọ̀ jù.

Èèyàn lè sọ pé ìyẹn ò burú. Kí ló dé tí opó tó ń gbé létí ìlú á fi sanwó títì àwọn oníṣòwò Lake Street? Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo sì gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó lówó ló lè pe kánsù, àdúgbò tó lówó nìkan ni kánsù máa dé. Ẹni tó yálé gbé ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, kò lè fọwọ́ síwèé, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ tiẹ̀ ló ń ṣeré nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Láàárín ìlú, níbi tówó wà, iṣẹ́ àrà ni wọ́n ṣe. Ní January 1858 wọ́n gbé ilé bíríkì alájà mẹ́rin kan ní ìkóríta Randolph àti Dearborn, ìwúwo ẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 750, jáàkì 200 ni wọ́n fi gbé e, ó gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ìnṣì 2, ilé ò sì sán. Ní 1860 wọ́n gbé odindi apá kan Lake Street lẹ́ẹ̀kan náà, láti Clark dé LaSalle, ilé tó tò tẹ̀ léra wọn tí gígùn gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 320. Ẹ fojú inú wò ó fún mi. Jáàkì 6,000 ló wà lábẹ́ ilé, ọkùnrin 600 ló dúró tì wọ́n, ìyẹn ni pé jáàkì mẹ́wàá mẹ́wàá ló kan ẹnì kan. Wọ́n á fọn fèrè, gbogbo wọn á yí jáàkì díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dúró. Wọ́n tún fọn fèrè, wọ́n tún yí i díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí i ni àwọn kan ń to bíríkì ìpìlẹ̀ tuntun sábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ilé yẹn gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ìnṣì 8, àwọn tó ń tajà nínú ẹ̀ ò ti ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ń wọlé wọ́n ń jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba iṣẹ́ yẹn ni George Pullman, òun náà ló wá padà ń ṣe wágùnù rélùwéè tí èèyàn lè sùn nínú ẹ̀, àdúgbò Pullman níbí ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Ní 1861 iléeṣẹ́ wọn tún gbé òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, Tremont House, àwọn àlejò sì ń jẹ ń sùn nínú ẹ̀ bó ṣe ń gòkè.

Àwọn ilé onípákó ńkọ́? Àwọn yẹn ni wọ́n ń kó sórí igi rìbìtì tí ẹṣin ń fà, wọ́n á wọ́ ilé náà kúrò láàárín ìlú lọ sétí ìlú, kí wọ́n lè fi bíríkì kọ́ tuntun síbi tó wà. Ilé ń rìn lójú títì bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Nítorí pé oníkálukú ló ń gbé tiẹ̀ nígbà tówó bá dọ́wọ́ ẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Chicago ò rí bákan náà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí ti gòkè, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, o máa gun àtẹ̀gùn, o máa sọ̀ ọ́, o tún máa gùn ún, láàárín títì kan ṣoṣo. Aláboyún ni mo máa ń rò tí mo bá dé ibẹ̀ yìí, àti arúgbó, àti ẹni tó gbé ẹrù sórí. Àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ bíi Pilsen, ibẹ̀ ló pẹ́ jù kí iṣẹ́ náà tó dé, nígbà tó sì dé, títì gòkè, ilé dúró síbi tó wà. Ìdí ilẹ̀kùn tí mo sọ fún yín nìyẹn.

Lọ́dún 1855 kan náà yẹn, ohun mìíràn wà tí kánsù àti méyọ̀ ṣe tó dá wàhálà sílẹ̀, màá kàn mẹ́nu bà á ni. Méyọ̀ Levi Boone àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò fẹ́ràn àwọn àjèjì tó ń ya wọ̀lú, àwọn ará Jámánì àti Ireland. Wọ́n gbé owó láísẹ́ẹ̀sì ilé ọtí láti dọ́là 50 lọ sí 300, wọ́n tún ní kí gbogbo ẹ̀ máa tì ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n kó àwọn tó kọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù, àwọn ènìyàn wọn sì dà sígboro ní April 21, ìbọn dún, ẹnì kan kú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e àwọn àjèjì wọ̀nyí jáde dìbò, àwọn ẹgbẹ́ Boone lọ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé àwọn tí ò ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi kọ̀wé sí kánsù ṣì ní ìbò lọ́wọ́, wọ́n sì lò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí omi. Gọ́tà Chesbrough ṣiṣẹ́, títì gbẹ, ìlú mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gọ́tà ṣe ń pọ̀ sí i ni odò ń dúdú sí i, odò ń ṣàn lọ sọ́sà, ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú ò sì jìnnà sí etí ọ̀sà yẹn. Àwọn èèyàn ṣí ẹ̀rọ omi, ẹja kéékèèké jáde, ẹja yẹn ni wọ́n ṣì lè fojú rí o, ohun tí wọn ò rí ló ń pa wọ́n. Chesbrough ní kí wọ́n má yí gọ́tà padà, kí wọ́n lọ mú omi láti ibi tó jìn. Ní 1864 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò kan lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀sà, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, gígùn ẹ̀ máìlì méjì. Àwọn kan ń gbẹ́ bọ̀ láti èbúté, àwọn kan ń gbẹ́ bọ̀ láti inú ọ̀sà, nínú amọ̀, nínú òkùnkùn, omi ọ̀sà wà lórí wọn. Nígbà tí wọ́n pàdé, ìnṣì díẹ̀ ni wọ́n fi ṣìnà síra wọn. Ní March 1867 omi tó mọ́ wọ̀lú. Ilé gogoro òkúta tí ẹ máa ń rí ní Michigan Avenue, tí gbogbo àlejò máa ń yà fọ́tò níwájú ẹ̀, ara iṣẹ́ omi yẹn ni, 1869 ni wọ́n parí ẹ̀, iná ńlá October 1871 ò sì rí i mú. Iná yẹn jó ilé ìjọba ìlú tòun ti ìwé inú ẹ̀, ó jó òrùlé ilé ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn panápaná ò rómi mọ́. Nǹkan bí 300 èèyàn ló kú, nǹkan bí 100,000 ni ò nílé lórí mọ́.

Máìlì méjì jìn, ṣùgbọ́n ìlú ń dàgbà. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, odò á ru, á gbé dúdú ẹ̀ lọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Ilé ẹran ńlá Union Stock Yards ti ṣí láti December 1865, ohun tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ débi pé apá odò kan ń hó bí omi orí iná, òun ni wọ́n ń pè ní Bubbly Creek, orúkọ yẹn wà síbẹ̀. Ìlú wá ní kí àwọn yí odò padà. Odò àtọwọ́dá kan ti wà láti 1848 tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ sí odò Illinois, wọ́n ná nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta láti wà á jìn sí i, ní July 1871 odò Chicago yíjú padà, ó kẹ̀yìn sí ọ̀sà. Inú ìlú dùn.

Kò pẹ́. Ogden tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, òun àti John Wentworth tó ti ṣe méyọ̀ rí náà, wọ́n nílẹ̀ irà kan ní apá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ kó lè tà. Wọ́n gbẹ́ kòtò kan níbẹ̀. Omi odò Des Plaines gba inú kòtò yẹn, ó ń ya wọ ẹ̀ka gúúsù odò Chicago, ó ń kó ẹrẹ̀ bọ̀, ẹrẹ̀ ń dí ọ̀nà tí gbogbo ìlú ti sanwó là. Odò padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan náà yìí ló jókòó sígbìmọ̀ gọ́tà ní 1855, ó mọ ohun tí omi tó ṣàn síbi tí kò yẹ lè ṣe, ó mọ àwọn tí onígbáméjì pa. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ohun tó ṣe ni mo mọ̀, kánsù tó sì yẹ kó dá a dúró ò dá a dúró.

Ìtàn kan wà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn kan, àní ó wà nínú ìwé pàápàá, pé ní August 1885 òjò ńlá kan rọ̀, ó gbé ẹ̀gbin wọ ibi omi mímu, onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dù sì pa 90,000 èèyàn. Ẹ má gbà á. Òjò yẹn rọ̀ lóòótọ́, August 2, ó sì dẹ́rù ba gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n kò sí onígbáméjì ní Chicago lọ́dún yẹn, 90,000 ò kú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, nínú èèyàn mẹ́jọ ẹnì kan ti lọ, kò ní sí ilé kan tí wọn ò ti ní sìnkú. Mo ń sọ èyí torí pé òótọ́ tó wà nílẹ̀ tó ẹkún sun, kò nílò àfikún: ní 1891 nìkan, táífọ́ọ̀dù pa nǹkan bí 2,000 èèyàn nílùú yìí, látinú omi tí wọ́n sanwó fún.

Láti inú ìbẹ̀rù òjò 1885 yẹn ni wọ́n ti padà sí ọ̀nà kẹrin tí Chesbrough kọ sílẹ̀. Ní 1889 ìpínlẹ̀ ṣòfin, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ńlá kan sílẹ̀, Sanitary District, tó ní agbára àtigba owó orí tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí ààlà ẹ̀ sì ju ti ìlú lọ. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn dìbò sí i, ó lé ní 70,000 tó ní bẹ́ẹ̀ni, àwọn tó ní rárá ò tó 300. Mi ò tíì rí ìbò mìíràn tó rí báyìí. Níbi yìí kò sí pé ojú títì ta nìyí, kò sí pé ta ló nílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ìlú jọ sanwó ni, olówó àti tálákà. Ẹ wo iye ọdún tó gbà wọ́n kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Chesbrough ti kú ní 1886, kò rí i.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú iṣẹ́ ńlá yẹn lọ́wọ́, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù 19, níbi tí àwọn ará Italy, Ireland, Bohemia ń gbé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jane Addams ti ṣí ilé kan síbẹ̀ ní 1889, Hull House, tó fi ń ran aládùúgbò lọ́wọ́. Ìdọ̀tí ò kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Àpótí pákó ńlá ńlá wà lójú títì tí ìdọ̀tí ti kún àkúnya, ọmọdé ń ṣeré lórí ẹ̀. Ẹni tó bá gba kọ́ńtíráàtì ìkódọ̀tí ń gbowó, kì í kó o tán. Addams ní kí wọ́n fún òun ní kọ́ńtíráàtì náà, wọn ò fún un, ṣùgbọ́n ní 1895 méyọ̀ George Swift fi í ṣe wolé-wolé wọ́ọ̀dù yẹn, dọ́là 1,000 lọ́dún. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jí tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹrù ìdọ̀tí kiri. Títì tóóró kan wà níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kó ìdọ̀tí ojú ẹ̀ kúrò, wọ́n kó o, wọ́n kó o, nígbà tó wọlẹ̀ tó ìnṣì 18 wọ́n kan òkúta. Títì gidi ló wà nísàlẹ̀, títì tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbé ojú títì yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ní títì.

Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yẹn ni Johnny Powers. Ó ń wá iṣẹ́ fún èèyàn, tí wọ́n bá mú ọmọ ẹ ó máa lọ bá adájọ́, tí òkú bá ṣẹlẹ̀ nílé yín ó máa dé, tó bá di Kérésìmesì ó ń pín tòlótòló. Addams àti àwọn èèyàn ẹ̀ gbìyànjú láti yọ ọ́ nípò, wọn ò rí i yọ. Mi ò bá àwọn tó dìbò fún Powers jà. Ẹni tó wá sílé ẹ lọ́jọ́ òkú, o máa rántí ẹ̀, ẹni tó ṣe gọ́tà, ta ló rí i? Ohun tó ká mi lára ni pé wọn ò yẹ kó jẹ́ dandan fún wọn láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

September 3, 1892 ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ odò àtọwọ́dá tuntun yẹn. Gígùn ẹ̀ jẹ́ máìlì 28, òkúta ni wọ́n ń fi dínámáìtì fọ́ lápá kan, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń kó lápá kejì. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, àwọn ará St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri gbọ́, torí odò Illinois ń já sí Mississippi, Mississippi ni St. Louis ń mu. Wọ́n ń múra láti lọ kọ́ọ̀tù kí kọ́ọ̀tù dá a dúró. Ní January 2, 1900, ní àárọ̀ kùtùkùtù, nínú òtútù, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà dìde láìpe ẹnikẹ́ni, wọ́n lọ já ìdènà tó kù, wọ́n jẹ́ kí omi wọlé. Kò sí ìlù, kò sí ọ̀rọ̀ ìkíni. Odò Chicago yíjú padà, lọ́tẹ̀ yìí kò padà mọ́.

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ débí ni bàbá kan gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní àwọn ará St. Louis wá ńkọ́? Wọ́n lọ kọ́ọ̀tù, sà. Ẹjọ́ náà dé kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, 1906 ni wọ́n dá a, Missouri ò borí. Kọ́ọ̀tù ní wọn ò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé táífọ́ọ̀dù wọn látọ̀dọ̀ Chicago ló ti wá, pé àwọn ìlú Missouri fúnra wọn náà ń da gọ́tà tiwọn sínú odò kan náà. Bàbá mi orí, wọ́n ní ṣé wọ́n wá dá a dúró nígbà tí wọ́n gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé Missouri dẹ́kun tiwọn? Mo ní rárá, sà.

Ìyá kan tún béèrè pé ṣé odò náà ṣì ń ṣàn sẹ́yìn títí dòní. Ó ń ṣàn sẹ́yìn, mà. Géètì wà níbi tí odò ti pàdé ọ̀sà, wọ́n máa ń tì í. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí Chesbrough ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀ yẹn, omi òjò àti omi ilé ìgbẹ́ jọ ń gba inú ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ àdúgbò Chicago ṣì ń lo irú ẹ̀. Tí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, tí gbogbo ẹ̀ kún, tí omi fẹ́ máa ru wọ ìsàlẹ̀ ilé àwọn èèyàn, wọ́n á ṣí géètì yẹn fún wákàtí díẹ̀, kó lọ sọ́sà.

Ìyá náà wò mí, wọ́n ní ọ̀sà tí à ń mu?

Mo ní bẹ́ẹ̀ni mà, ọ̀sà tí à ń mu.